Ẹni tó ti ọwọ́ bọ inú Miss Piggy sọ pé ẹ̀mí ti kúrò lára àwọn Muppet. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Olúmọ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀. Ẹ rántí àwọn Muppet, àwọn ọmọlangidi aláṣọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Frank Oz, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ti ọwọ́ bọ inú Miss Piggy tó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, Fozzie tó jẹ́ béárì aláwàdà, àti Animal, láti ayé eré tẹlifíṣọ̀n The Muppet Show (1976 sí 1981), tó sì fọhùn fún wọn, kò fara mọ́ ohun tí Disney, ilé-iṣẹ́ tó rà wọ́n, sọ wọ́n dà. Nígbà tí fíìmù The Muppets jáde ní 2011, ó ní ìwé eré náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, pé wọn ò bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ní 2021 ó tún sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Ìlú Ọba pé ó wu òun láti tún bá wọn ṣe é, Disney ni kò fẹ́ òun, àti pé ẹ̀mí ti kúrò lára nǹkan náà. Mo wo ti àtijọ́, mo wo ti tuntun, mo sì gbà pẹ̀lú bàbá yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fèsì.

Ará Pansẹ́kẹ́: N ò kà á tán o. Àmọ́ Disney ló rà á. Ẹni tó ra ọjà ló ni ọjà.

Alájì Lafẹ́nwá: Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo rí nínú àwòrán yẹn. Ẹlẹ́dẹ̀ tó kun ètè! Irú rẹ̀ ò ní wọ ilé mi.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Alájì, aṣọ àti fóòmù ni o, kì í ṣe ẹran.

Alájì Lafẹ́nwá: Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni.

Tíṣà Ọbàntókò: Ọmọ Olúmọ, òótọ́ lo sọ. Ẹ wo Fozzie nínú fíìmù 2011 yẹn, wọ́n gbé bàtà tó ń dún bí isó sí i lẹ́sẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Fozzie tí mo mọ̀ ò nílò isó. Àwàdà rẹ̀ kì í dùn, òun náà mọ̀ pé kò dùn, àwọn bàbá arúgbó méjì tó jókòó sókè lọ́hùn-ún á máa bú u, síbẹ̀ á gbọn fìlà rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí kì í ṣe juwọ́ sílẹ̀ yẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé e lé ọwọ́ fún ogún ọdún ó lé mọ ìyẹn. Ẹni tó kọ bàtà onísó síwèé ò mọ̀ ọ́n.

Akéwì Àsèrò: Tíṣà, ẹ fi ara balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Fíìmù tẹ́ ẹ ń bú yẹn gba Oscar fún orin rẹ̀. Òun ló mú kí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Muppet rí mọ̀ wọ́n. Frank Oz fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ lọ máa darí fíìmù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Eric Jacobson ti ń ṣe Piggy, ọ̀pọ̀ nínú yín ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ yí padà. Àti pé Oz nìkan kọ́ ló ṣe Piggy látìbẹ̀rẹ̀. Richard Hunt náà gbé e nígbà tí The Muppet Show ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Ọbàntókò: Hunt gbé e, mo gbà. Ta ló wá sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ọwọ́ gba èèyàn ṣubú, tó tún ń sunkún ìfẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà? Oz ni.

Ará Pansẹ́kẹ́: DISNEY LÓ RÀ Á. 2004. Ẹ lọ wò ó.

Màmá Adìrẹ Ìtòkú: Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń ti ọwọ́ bọ aró sọ tèmi. Wọ́n ń kó aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà wọ ọjà wa, wọ́n ń pè é ní adìrẹ. Wọ́n ya Olókun sí i, wọ́n ya Ìbàdàn Dùn sí i, bó ṣe wà lára tiwa gan-an. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Á rì í sínú elú, á yọ ọ́, á sá a, á tún rì í. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ìlà á yẹ̀, ìlà tó yẹ̀ yẹn la fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ta ni. Ti ẹ̀rọ kì í yẹ̀. Oníbàárà lè má rí ìyàtọ̀. Èmi rí i, ó sì máa ń dùn mí dé egungun. Torí náà bí bàbá òyìnbó yẹn bá ní ẹ̀mí ò sí níbẹ̀ mọ́, mo gbà á gbọ́ láì tíì wo fíìmù náà.

Sùúrù Lérè: Màmá, èló ni yáàdì márùn-ún ẹlẹ́kọ yín?

Akéwì Àsèrò: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dárí jì mí, Jacobson kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń nà sókè bíi ti Oz, òun náà ń làágùn. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá yín. Nígbà tí ìyá lọ, ṣé adìrẹ yín di ayédèrú ni?

Màmá Adìrẹ Ìtòkú: Ọmọ mi, ìyá mi fà á lé mi lọ́wọ́ ni. Kò sí ẹni tó wá rà mí mọ́ aró.

Tíṣà Ọbàntókò: Ẹ ṣeun, Màmá! Frank Oz ò sì bá Jacobson jà. Àwọn tó kọ ìwé eré àti ilé-iṣẹ́ tó rà á ló bá wí.

Sùúrù Lérè: Màmá, èló?

Akéwì Àsèrò: Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, Kermit. Ní 1955, Jim Henson, ẹni tó dá àwọn Muppet sílẹ̀, gé e jáde lára kóòtù àtijọ́ ìyá rẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù píńpọ́ọ̀ǹgì tó là sí méjì ṣe ojú rẹ̀. Henson kú ní 1990. Steve Whitmire gbà á, ó ṣe é títí di 2016 kí wọ́n tó dá a dúró. Matt Vogel ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ mẹ́ta, Kermit kan. Bó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ló ni ẹ̀mí, à bá ti sin ọ̀pọ̀lọ́ yẹn pẹ̀lú Henson.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá: Àkèré ni. Kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́.

Akéwì Àsèrò: Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá: Ìyàtọ̀ ńlá. Ara ọ̀pọ̀lọ́ rí ṣákiṣàki, ààtàn ló ń gbé. Àkèré ara rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, etí omi ló wà. Kermit jókòó sínú àbàtà, ó ń kọrin. Àkèré ni.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Àkèré sì ṣe é jẹ. Mi ò ní sọ fún àwọn ọmọ mi.

Alájì Lafẹ́nwá: Ẹ kọ́kọ́ fi ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ti dé orí àkèré. Kí ló tún kù?

Akéwì Àsèrò: Ọ̀pọ̀lọ́ tàbí àkèré, kókó mi ò yí. Ìwà ẹ̀dá náà ju ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹni tó ń gbé egúngún bá kú, ṣé a máa ń sun ẹ̀kú ni? Ẹlòmíràn ni yóò gbé e, a ó sì máa kí i bí a ṣe ń kí i.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Dúró níbẹ̀. "Ẹni tó ń gbé egúngún" báwo? Egúngún kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń gbé. Ará ọ̀run ni. Ọmọ ilé ta ni ọ́?

Akéwì Àsèrò: Bọ̀ọ̀dá, àfiwé ni mo ṣe.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Àfiwé tó fi baba ńlá wa wé aṣọ tí òyìnbó gé láti ara kóòtù? Ní agbo ilé tiwa, pàṣán la fi ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Akéwì Àsèrò: Ilé tiwa náà lọ́jẹ̀. Mi ò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Mo ní nǹkan tí a bá jogún kì í kú mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Ṣé irọ́ ni?

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Bó bá jẹ́ pé ilé yín lọ́jẹ̀ lóòótọ́, o ò ní kọ ọ́ síta níbi tí gbogbo ayé ti ń kà á. Mo ṣì ń bi ọ́, ilé ta ni?

Ọmọ Ìmẹ̀kọ: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣe sùúrù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fi wé e. Àwa ará Yéwà ò fi pa mọ́ pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jó tẹ̀lé ìlù, gbogbo ìlú mọ orúkọ rẹ̀. Lórí igi tó gbé, àwọn agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ère tó ń mira, a fi okùn fà á, ejò á máa ṣán, ẹyẹ á máa ṣá nǹkan jẹ. Ọmọlangidi tiwa gan-an nìyẹn. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́: Awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lobìnrin lè mọ̀, torí náà mo lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ mi tí ẹ ò jẹ́ n sọ. Ẹ rántí eré 2015 tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ABC? Wọ́n ní Kermit àti Piggy ti kọ ara wọn sílẹ̀, Kermit ti ní ẹlòmíràn. Èmi àtàwọn ọmọ mi la jọ ń wò ó, èyí obìnrin bi mí pé kí ni Piggy ṣe tí wọ́n fi lé e. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Sáà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, wọ́n pa á tì. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn yé mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Ìmẹ̀kọ ní tiyín, Ẹ̀gbá ní tiwa. Akéwì ò tíì dá mi lóhùn.

Akéwì Àsèrò: Mo ti dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀mejì, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀ ń bínú sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló burú.

Ará Pansẹ́kẹ́: Ẹ ò rí i pé DISNEY LÓ RÀ Á NI?

Tíṣà Ọbàntókò: Disney ra orúkọ, ó ra aṣọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wo Swedish Chef, alásè yẹn tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Jim Henson ló wà nínú orí rẹ̀ tó ń fọhùn. Ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ rí lórí tábìlì, ọwọ́ Frank Oz ni, láì wọ nǹkan kan lé e. Ọkùnrin méjì nínú alásè kan, ọwọ́ ń ju adìyẹ sókè, ẹnu ń wá ohun tó máa sọ sí i. Bí ẹnì kan kò bá mọ èkejì bí arákùnrin, eré yẹn ò lè dùn. Ìwé àdéhùn wo lẹ máa fi ra ìyẹn? Ohun tí Oz ń pè ní ẹ̀mí nìyẹn, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ké pé òun ò rí i mọ́.

Akéwì Àsèrò: Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín wú mi lórí. Mi ò gbà pé àwọn ti ìsinsìnyí ò lè mọ ara wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wú mi lórí.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Má sá lọ sọ́dọ̀ Tíṣà. Ilé ta ni?

Akéwì Àsèrò: Bọ̀ọ̀dá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ilé wa, ẹ wá sí Àsèrò lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

Ọ̀jẹ̀ Adátán: Mò ń bọ̀.

Màmá Adìrẹ Ìtòkú: Sùúrù Lérè, má bínú, oníbàárà wà lọ́dọ̀ mi. Wá sí ìsọ̀, a ó nájà. Mi ò kì í dá iye aṣọ láìrí ojú.

Ọmọ Olúmọ: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo béèrè ìbéèrè kan. Ṣé òótọ́ ni Frank Oz sọ, àbí kì í ṣe òótọ́? Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá: Àkèré ni.