Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ti kú ṣì léwu

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí ọmọ bá gbé bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn màmá àgbà mì, tí bátìrì náà sì ti kú, kí a fún un ní epo pupa, yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bátìrì tí kò lè gbé ẹ̀rọ mọ́ kò tíì tán pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi mítà wọ̀n ọ́n: iná díẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná yẹn á sọ omi ara di ohun tó ń jó ẹran. Wákàtí 2 péré ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú imú àti etí.

Òótọ́ ni pé òmíràn máa ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n X-ray nìkan ló lè fi ibi tó wà hàn.

Ẹ má fún un lépo, ẹ má mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UNIOSUN kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú páálí bátìrì náà dání.