Ẹ fi Lipton sílẹ̀ fún àgbàlagbà, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ má tíì bú mi o, ẹ kà á tán ná. Èrò ọkàn tèmi nìyí, ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo máa kà á. Mi ò fẹ́ràn bí a ṣe ń da tíì sọ́mọ kéékèèké lẹ́nu nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn míì gan-an wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Tíì tí mò ń wí yìí, Lipton ni, ewé tíì gangan, ì báà jẹ́ oní-báàgì tàbí èyí tí abokí ń sè nínú kẹ́tùrù lójú títì. Milo àti Bournvita ní ẹjọ́ tiwọn, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Ti koríko ọba táwọn ìyá wa máa ń sè tí ibà bá ń ṣe èèyàn ò sí nínú ọ̀rọ̀ mi, ìyẹn ò ní káfíìnì, èyí tó ń lé oorun lọ, nínú rárá.

Ẹ wọ ilé kan ní Adó-Èkìtì níbí láago mẹ́fààbọ̀ àárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ìyá ń sáré kó má baà pẹ́ débi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì sùkúù ti ń fun fèrè níta, omi tó ti wà nínú fúláàsìkì látàná ni wọ́n máa dà sínú jọ́ọ̀gì, báàgì Lipton kan ni wọ́n á jù sí i fún gbogbo ilé, wọ́n á fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ́ bẹ́, ṣúgà á tẹ̀ lé e, mílíìkì sáṣẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ ò ní dá mọ̀ mọ́ nínú gbogbo omi yẹn, ó parí. Ọmọ ọdún méjì náà á jókòó síbẹ̀, á máa ki búrẹ́dì bọ kọ́ọ̀pù, búrẹ́dì á já sínú ẹ̀, á wá ki ìka bọ̀ ọ́ kó lè wá a jáde, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín pé ẹ wo bàbá bó ṣe ń mu tíì bí ọ̀gá. Ó dùn ún wò lóòótọ́, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí lọmọ yẹn jẹ? Ìyẹ̀fun funfun, ṣúgà àti omi aláwọ̀. Ìyẹn ló sì máa gbé e dé ọ̀sán.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iyì la fi ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ògì àti àkàrà lọmọ yín jẹ láàárọ̀, àwọn kan á wò yín bíi pé nǹkan ò lọ déédéé fún yín, tẹ́ ẹ bá ní tíì àti búrẹ́dì ni, ẹ ti di ará ìlú. Níbo la ti rí irú èyí, nínú Èkìtì tó jẹ́ pé ẹlòmíì lè gún iyán láago méje àárọ̀ kó sì jẹ ẹ́ tán láìwo ojú ẹnikẹ́ni?

Mo rí ìyá kan ní Ọjà Ọba láìpẹ́ yìí, tòmátì ló ń tà, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, fídìn bọ́tù wà lẹ́nu ọmọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Àgbo ni mo kọ́kọ́ pè é. Mo ní, "Mọ́mì, àgbo kí lẹ fún un yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àgbo kẹ̀? Tíì ni, àǹtí mi. Mílíìkì ti wọ́n jù, mo kàn rọra fi Lipton àti ṣúgà sí i kó lè dùn lẹ́nu ẹ̀, kó jẹ́ kí n ráyè tajà." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mi ò bú u, ẹni tó ń jà láti rí jẹ lẹ́ ẹ máa wá bú. Mo ra tòmátì mi, mo béèrè iye oṣù ọmọ, ó ní oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́sàn-án o.

Ó dáa, kí ló wà nínú Lipton yìí tí mo fi ń pariwo? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni káfíìnì, gbogbo yín mọ ìyẹn. Ìkejì ni táníìnì, òun ló ń jẹ́ kó korò díẹ̀ lẹ́nu, òun náà ló ń kun inú kọ́ọ̀pù yín tí ẹ fi ń fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn ha á tí kì í fẹ́ ṣí. Káfíìnì la máa ń sọ ṣùgbọ́n táníìnì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù fún ọmọdé. Tí wọ́n bá mu tíì mọ́ oúnjẹ, táníìnì yẹn máa ń so mọ́ áyọ́ọ̀nù (iron) tó wà nínú oúnjẹ, tó bá sì ti so mọ́ ọn, ara ò ní lè fà á mọ́, inú ìgbẹ́ ni yóò bá jáde. Ó lè dín ohun tí ara ì bá rí gbà kù sí ìdajì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí tíì náà bá ki. Mílíìkì tí ẹ dà sí i ò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Áyọ́ọ̀nù yìí sì ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí ibi tọ́mọ tiwa ti ń rí áyọ́ọ̀nù. Èyí tó wà nínú ẹran àti ẹja ni tíì ò fi bẹ́ẹ̀ rí mú, ti inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà ni tíì máa ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ọmọdé lẹ́ran nílẹ̀ Yorùbá? Ẹran tó tó èékánná ni wọ́n á já fún un, wọ́n á ní tó bá mọ ẹran jẹ jù á di olè, ẹyin náà ńkọ́, olè náà ni. Bàbá ló ni ẹran. Tó túmọ̀ sí pé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ fi sí i lọ́bẹ̀ ni gbogbo ìrètí ọmọ yẹn, ẹ wá tún gbé kọ́ọ̀pù tíì lé e lórí. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí kan lọ́dún 2018, NDHS ni wọ́n ń pè é, ó sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59 ní Nàìjíríà, 68 lẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Mi ò ní tíì ló fà á o, kẹ́nikẹ́ni má lọ gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, ibà wà níbẹ̀, aràn wà níbẹ̀, àìróúnjẹ jẹ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú ìlú tí nǹkan ti rí báyìí, ṣé ó wá yẹ ká tún máa fowó ara wa ra ohun tó ń lé díẹ̀ tó kù lọ?

Èyí tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì máa ń bí mi nínú ni ti bulọ́ọ̀dù tọ́níìkì. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé inú ẹ̀ funfun, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ò dáa, wọ́n kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Wọ́n délé, ọmọ ò fẹ́ mu ún torí pé ó ń rùn bí irin, ìyá wá ní kó yáa fi tíì díẹ̀ sìn ín kó lè lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fowó rà, áyọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, ẹ sì fi tíì sìn ín! Omi ọsàn ni kẹ́ ẹ fi sìn ín, ẹ fún ọsàn mímu, ó pọ̀ lọ́jà, fítámì C inú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù dáadáa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé ṣebí tíì ni wọ́n fi tọ́ òun, kí ló ṣe òun. Ẹ jọ̀ọ́, tíì wo? Nígbà témi wà ní kékeré, ọjọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ tí àlejò bá ti Èkó dé la máa ń rí tíì, àwọn àgbà á mu tán ká tó pín ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, ìyẹn ò jọ èyí tọ́mọ ń mu ní gbogbo àárọ̀ tó tún ń mu lálẹ́. Ẹni tẹ́jẹ̀ rẹ̀ ò sì tó nígbà ọmọdé, ta ló sọ fún un? Kò ní ṣubú. Á kàn máa rẹ̀ ẹ́ ni, á máa sùn ní kíláàsì, tíṣà á ní ọ̀lẹ ni, ilé á ní olódo ni, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ọmọ ọdún méjì tí ò rí áyọ́ọ̀nù tó, ó lè má rí ohun tó pàdánù nígbà yẹn gbà padà mọ́. Ẹlòmíì á tún ní àwọn òyìnbó ńkọ́, ṣebí àwọn ni wọ́n ni tíì. Ẹ lọ wo ìmọ̀ràn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tíì àti kọfí ò yẹ ọmọ ọwọ́ àtọmọ kékeré. Àwọn tó gbé e wá bá wa ti ń sọ pé kì í ṣe tọmọdé, àwa là ń rọ ọ́ sínú fídìn bọ́tù.

Ti káfíìnì wá kù. Kọ́ọ̀pù tíì kan tó kún, tí wọ́n fi odidi báàgì kan ṣe, lè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 40 sí 50. Àjọ EFSA tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé mílígíráàmù 3 fún kílò kan lára ọmọ lójúmọ́ ni ò níí dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tó wọn kílò 12, ẹ sọ ọ́ ní 3, mílígíráàmù 36 nìyẹn, kọ́ọ̀pù kan péré ti kọjá ẹ̀. Tọmọ ìkókó tún burú jù, tori pé ara àgbàlagbà lè lé ìdajì káfíìnì dànù ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, tọmọ tuntun lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á wá lajú sílẹ̀ lóru, á máa ké, á máa ta gìrì, ẹ̀yin náà ò ní sùn, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí ò ṣojú lásán, ẹni tó wà nídìí ẹ̀ wà ládùúgbò, wọ́n á gbé ọmọ gun orí òkè àdúrà. Ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ná, tí kò bá sùn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá máa lọ sórí òkè.

Milo, Bournvita àti ẹgbẹ́ wọn, mi ò ní bá yín jà púpọ̀ lórí wọn tọ́mọ bá ti lé lọ́dún kan. Kòkó ni, a sì ń gbin kòkó ní Èkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bàbá wa tó ń gé e lóko, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ bó ṣe ń rí nínú agolo. Kòkó náà ní káfíìnì díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tó ti Lipton. Ṣúgà ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Kóró ṣúgà kan tó nǹkan bíi gíráàmù 4, àwọn dókítà ọkàn Amẹ́ríkà sì ti sọ látọdún 2016 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà tí a fi kún nǹkan rárá, láti ọdún 2 sókè kó má kọjá gíráàmù 25 lójúmọ́. Àwọn agolo yẹn ti ní ṣúgà nínú tẹ́lẹ̀, kí ni kóró mẹ́ta tẹ́ ẹ tún ń jù sí i wà fún? Eyín iwájú tó dúdú tó ti jẹ dé ìdí lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ ti rí i rí, àbí? Fídìn bọ́tù tó ní ṣúgà tọ́mọ fi ń sùn ló ń fà á.

Àti ti ìjóná, kí n tó gbàgbé. Tíì gbígbóná lórí tábìlì tó ní aṣọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn fa aṣọ tábìlì, ó ti dà lé e láyà. Awọ ọmọdé tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó máa kàn ta àgbà lára lásán lè bó ọmọ lára. Tó bá ṣẹlẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn ni, ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì máa lọ sí ọsibítù. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fọ́ ẹyin sí i, ẹ̀ ń gbọ́?

Kí ni ká wá fún wọn? Tí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan, kódà omi ò sí níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí ọmú máa bá oúnjẹ lọ títí yóò fi tó ọdún méjì. Láàárọ̀, ògì tó ki, kì í ṣe omi ògì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí edé lílọ̀ sí i, tàbí Tom Brown tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ yín, ọkà bàbà, sóyà àti ẹ̀pà ni, ẹ lè dín in kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé kó gbé yín dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mọ́ínmọ́ín àná wà. Tó bá jẹ́ òtútù ọyẹ́ lẹ fi ń bẹ̀ mí, tórí mo mọ̀ pé òtútù Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í ṣeré, ògì náà máa ń gbóná, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà wà. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ mu Lipton yín, èmi náà ń mu ún, mo kàn máa ń jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ni.

Tọ́mọ bá ti tó ọdún méje, mẹ́jọ, tó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kó ṣàn, ẹ fún un lọ́sàn-án, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe lálẹ́, mi ò ní pariwo lé yín lórí. Bí ìyá ọkọ bá wà nílé tó ń fún un níkọ̀kọ̀, ìyẹn le díẹ̀, ẹ má bá wọn jà o, ẹ kàn máa tètè po ògì kí wọ́n tó jí.