Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo ìtumọ̀ ni ewì gbà
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jà rànyìn pé Roland Barthes, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti "pa òǹkọ̀wé", nítorí náà ìtumọ̀ tó bá ti wù wá la lè fún àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ (pípe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn láti fi wọ́n wéra). Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Barthes sọ ní 1967 ni pé òǹkọ̀wé kọ́ ló ni àṣẹ ìkẹyìn lórí ìtumọ̀; kò sọ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ wo "Òkúta ni ọkàn rẹ̀." Òǹrorò, àbí? Ṣùgbọ́n bí ìlà tó tẹ̀ lé e bá ní "ìgbì lù ú títí, kò yẹ̀", ìfaradà ló dà yẹn. Ẹ ka ìlà mẹ́ta ṣáájú àti mẹ́ta lẹ́yìn; ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ (kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òǹkọ̀wé). Ìtumọ̀ tí ìlà kan bá takò, ẹ tún un rò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí tàkọ́kọ́ dé.