Wọ́n ní kò jáde nínú páálí rí!

Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi gidi gan-an lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde kó tó di àìsàn sí mi lára. Kí ló dé tí gbogbo ẹni tó bá ń ta rélùwéè idẹ, àwọn ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwa kan ń kó jọ, á máa pariwo pé "kò jáde nínú páálí rí, wọn ò wà á lórí irin rí", tí wọ́n á torí ẹ̀ bu owó lé e? Ta ló sọ fún wọn pé nǹkan iyì nìyẹn?

Mo ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòṣe SD45 ti Southern Pacific, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ní Amẹ́ríkà. Idẹ ni o, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gidi fi ìlọ́po 87 gùn jù ú lọ. Kòríà ni wọ́n ti fọwọ́ jó o pọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kùn ún: ara eérú, imú pupa. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Houston á mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo dé síbí lọ́dún 1989, àwọn ọkọ̀ Southern Pacific ló máa ń dí wa lọ́nà, àwọn yòókù á máa fọn fèrè ọkọ̀ wọn, èmi á sọ̀ kalẹ̀ lọ máa ka iye ẹ́ńjìnnì tó ń fà á, ilẹ̀ á máa mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Union Pacific, ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn, gbé ilé iṣẹ́ yẹn mì lọ́dún 1996, ọ̀pọ̀ SD45 sì ti di irin àlòkù. Torí náà èyí tí mo rà yìí kì í ṣe ohun ìṣeré lójú tèmi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá a. $780 ni mo san, owó oófàtáìmù ni, díẹ̀díẹ̀ ni mo kó o jọ.

Páálí dé ní Sátidé. Mo ṣí ìdérí. Fóòmù tó wà nínú ẹ̀ ti pọ́n, ó ń rún wómúwómú, ibi tó sì ti kan ẹ́ńjìnnì, ó ti yọ́ mọ́ ọn. Mo rọra ń fà á sókè bí ẹni ń ṣí báńdéèjì lójú egbò, ọ̀dà ń bá a bọ̀! Látorí fáànù mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn títí dé ibi tí èjìká ẹ̀ ti ya síta, ojú ihò fóòmù ti tẹ̀ sára ẹ̀ bí afárá oyin. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fèrèsé dírẹ́bà, ìdajì ẹ̀ ti bá fóòmù lọ.

Mo ní ó dáa, ó kéré tán á rìn. Mo gbé e lé irin, mo fún un níná. Mọ́tò ń kùn nínú, ẹ́ńjìnnì ò mira. Mo tú síkúrúù ìdí ẹ̀, mo wo inú, rọ́bà kékeré tó ń gba agbára lọ́wọ́ mọ́tò fún gíà ti le gbagidi, ó ti la lápá kan, ó kàn ń yọ̀ lásán ni, mo fọwọ́ kàn án báyìí ló dá sí méjì. Gírísì inú gíà ti dì bí àdín nínú ọyẹ́.

Kí wá ni "wọn ò wà á rí" ṣe fún mi? Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó ń wà á yípo díẹ̀, ṣé kò ní ti rí i pé rọ́bà ń le ni? Rọ́bà tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan! Á ti rí i pé fóòmù ti ń lẹ̀. Idẹ kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá, wọ́n ń ki Ọ̀ṣun pé ó wẹ idẹ kó tó wẹ ọmọ, ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń tọ́jú ni, wọn kì í tì í mọ́lé kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ọkùnrin tó tà á. Ẹ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Pé òun ò ṣí i rí, báwo lòun ṣe máa mọ̀. Háà! O ò ṣí i, o wá kọ "mint", pé ó ṣì dà bí tuntun, sí i lórí, ojú wo lo fi rí mint yẹn? Fọ́tò páálí nìkan ló gbé síta, fọ́tò mẹ́rin, igun páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!

Èyí tó dùn mí jù ni pé gbogbo àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ la mọ oògùn ẹ̀. Kó fóòmù yẹn dànù, wá tuntun tí kì í yọ́, fi pépà tí kò ní ásíìdì wé ara ẹ́ńjìnnì kó o tó tẹ́ ẹ sínú ẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣe é, torí tí fóòmù àkọ́kọ́ ò bá sí níbẹ̀, oníbàárà á ní páálí ò pé, á gé owó. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àwa wá ń sanwó kún un torí kòkòrò! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà á bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀ ń bà á jẹ́ fún wa. (Kí n tiẹ̀ má sọ tàwọn tó ń fi pólíìṣì ha èyí tí wọn ò kùn, tí wọ́n á ha fáníìṣì ẹ̀ dànù kó lè máa dán nínú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹ wo irin ìdìmú ara ẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ló jókòó ní Kòríà tó jó o mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáípà wà lójú fèrèsé ẹ̀. Ẹni tí mo pè pé kó bá mi tún un kùn ní òun á bọ́ gbogbo ọ̀dà ẹ̀ dé idẹ ni, pé àfọwọ́fà tí mo ti fà á yẹn ò ṣeé lẹ̀, $300, kí n sì dúró oṣù mẹ́fà.

Lánàá, ọkùnrin yẹn tún gbé òmíràn síta. Páálí kan náà, "kò jáde rí". Mo ní kó ṣí i kó ya òrùlé ẹ̀ fún mi. Kò tíì dáhùn.