Ẹ bèèrè ihò A kí ẹ tó sọ pé oògùn ibà ò ṣiṣẹ́ mọ́

Bí òjò bá ti ń rọ̀ n'Ìbàdàn báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ láti Agbowó dé Ọjà'ba ni pé oògùn ibà ò ran ibà mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn ká máa fẹnu lásán sọ ọ́. Ẹni tó bì í jáde, ẹni tó lo ìlàjì, ẹni tó ra ayédèrú, bákan náà ni gbogbo wọn á ṣe pariwo. Láàbù ló lè mọ̀ bóyá kòkòrò ibà gan-an ló ti le ju oògùn lọ.

Ọ̀nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ rèé. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka, 100 máíkírólítà, ni wọ́n ń pò mọ́ 900 máíkírólítà omi RPMI 1640 tí kòkòrò náà ń jẹ. Wọ́n á kán 50 máíkírólítà sínú ihò kọ̀ọ̀kan lára àwo tí oògùn ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, láti orí ìwọ̀n kékeré dé ńlá. Ihò A nìkan ni kò ní oògùn. Wọ́n á gbé àwo sínú ìkòkò gíláàsì, wọ́n á tan àbẹ́là sí i, wọ́n á dé e. Bí iná àbẹ́là bá ń kú lọ, kí wọ́n ti ihò ìdérí pa, torí kòkòrò yìí ò fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀. Ó di inú ooru 37.5°C, fún wákàtí 24 sí 30.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aró Giemsa kùn ún, wọ́n á ka kòkòrò 200 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo iye tó ti dàgbà di schizont, ìyẹn èyí tó ti ń pín ara rẹ̀ sí púpọ̀. Bí èyí tó dàgbà nínú ihò A ò bá tó 20, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù! Kòkòrò tó ti kú tẹ́lẹ̀ á kàn dà bí èyí tí oògùn pa ni.

Kí ló ń pa á? NEPA mú iná lọ, ooru sì lọ sílẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé aláìsàn ti gbé nǹkan mì ní kẹ́místì kó tó dé. Ẹ má bi í pé "Ṣé ẹ ti lo oògùn ibà?" "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni á sọ. Ẹ bi í pé "Kí lẹ ti lò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Septrin tó lò fún inú rírun náà ń ba kòkòrò ibà jà, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn mọ́ oògùn ibà? Kí ẹ̀jẹ̀ jáde kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé.

Láti 2005 tí Nàìjíríà ti fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò chloroquine, ọ̀nà yìí nìkan ò tó mọ́. Ìgbà tí kòkòrò ṣì kéré, tó rí bí òrùka, ló ń sá mọ́ artemisinin lọ́wọ́. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju wákàtí 3 lọ ni wọ́n ń rì sínú 700 nánómólà dihydroartemisinin, ohun tí artemisinin ń dà nínú ara, fún wákàtí 6, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á sì ka èyí tó yè nígbà tó bá pé wákàtí 72. Bí èyí tó yè bá ju ìdá 1 nínú 100 lọ, ìgbà yẹn ni ká pariwo.