Ta ló ní a kì í rìn nínú eré ìje orí òkè?

Ibi ìkómọ kan ní Peckham, ní London, la wà ní Sátidé tó kọjá. Bọ̀ọ̀dá kan tó jókòó tì mí gbọ́ pé mo máa ń sáré ìje lórí òkè, wọ́n wá bi mí bóyá mo máa ń sá a délẹ̀. Mo ní rárá o, tí òkè bá ti ga jù, rírìn ni mo máa ń rìn ín. Wọ́n fi ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀: "Ṣé ìyẹn náà leré? Ẹni tó bá ti rìn, kò sáré mọ́ nìyẹn." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Orí títì ọlọ́dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni àwọn tó ń sọ ọ́ ti ń sáré. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ti wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n kó asáré orí òkè 15 sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, èyí tí wọ́n lè gbé imú rẹ̀ sókè títí dé dígírì 45, wọ́n sì ń wọn èémí wọn láti mọ agbára tí wọ́n ń ná. Wọ́n ní kí àwọn asáré náà rìn, kí wọ́n tún sáré, àmọ́ kí ìyára tí wọ́n fi ń gòkè má yí padà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 ni pé tí òkè bá ti ga ju nǹkan bíi dígírì 16 lọ, ẹni tó ń rìn kì í ná agbára tó ẹni tó ń sáré. Ẹ tún un kà. Òkè kan náà, ìyára kan náà, ẹni tó ń rìn ló ń ṣọ́ agbára ná. Kò sí awo níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́, iṣan gìgísẹ̀ máa ń ṣe bíi rọ́bà: ẹsẹ̀ balẹ̀, ó nà, ó sì ta yín síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ kì í já wálẹ̀ débi tí rọ́bà yẹn á fi nà dáadáa. Ẹ kàn ń fò lásán ni. Owó ń lọ, ẹ ò rí ọjà gbé bọ̀.

Ẹ wo Kilian Jornet, ògbóǹtarìgì asáré orí òkè, ọmọ Spain. UTMB, eré tó yí òkè Mont Blanc ká, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 170, àpapọ̀ gbogbo òkè tí wọ́n ń gùn nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 10,000. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gba ipò kìíní níbẹ̀. Ní 2022, wákàtí 20 ò tíì pé tó fi parí rẹ̀. Ẹ pín in: kò tó kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Bọ̀ọ̀dá oníìrẹsì ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní páàkì! Níbi tí òkè bá ti le, ọwọ́ lórí itan, ọ̀gá ń rìn.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Eré àkọ́kọ́ tí mo sá ní Lake District, agbègbè olókè kan ní England, kìlómítà 17, ìgbéraga ni mo fi sá òkè àkọ́kọ́. Mo kọjá ìyá àgbà kan tó fọwọ́ lé orúnkún, tó ń rìn bí ẹni ń lọ sóko. Nígbà tí mo máa dé ìdajì òkè, mò ń mí gúlegúle, ẹnu mi korò bí ẹni lá irin. Mo dúró. Ìyá dé, wọ́n wò mí, wọ́n kọjá. Ká ní Yorùbá ni wọ́n, "ẹ kú ìdúró" ni wọn ì bá kí mi. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, itan mi ti ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Lọ́dún kejì, mo rìn gbogbo ibi tó ga. Ìṣẹ́jú 14 ló dín nínú àkókò mi. (Òótọ́ ni, òjò ò rọ̀ lọ́dún kejì. Àmọ́ ìṣẹ́jú 14?)

Wọ́n á ní téèyàn bá ti rìn lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ ti juwọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n gbọ́ràn, jàre. Lórí òkè tí kò ga púpọ̀, sísáré lè sàn jù, mo gbà.

Mo ti ní kí bọ̀ọ̀dá bá mi lọ ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn.