Àtúnṣe: Táátù Kì í Fa Ẹja Àkùrákùdà

Iṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ní Adó-Èkìtì àti Ìkẹ́rẹ́, tó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ gbafẹ́ létí òkun Èkó pé táátù ara wọn yóò fa ẹja àkùrákùdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ awọ òde ni tádàwà táátù wà, kì í dán nínú omi, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń fa ẹja. Táátù tí kò tíì jiná nìkan ni kò yẹ kó kan omi òkun, nítorí àkóràn. Ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí tó ń dán ló yẹ ká bọ́, nítorí pé bí oòrùn bá ta sí wọn, wọ́n a máa kọ yẹ̀rì bí ìpẹ́ ẹja kéékèèké tí àkùrákùdà ń jẹ. Ẹ lè rí ìmọ̀ràn yìí lójú òpó International Shark Attack File ti Florida Museum, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìkọlù àkùrákùdà káàkiri ayé. Àníyàn ọmọ ló mú kí ọ̀pọ̀ òbí pín iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí i.